Ọwọ́ Ni Wọ́n Ní Ká Kọ́kọ́ Lò

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú òórùn kẹ́míkà adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé orí àga gíga yẹn ni ẹ ó ti ka ìwé yìí, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn yín, tí ẹ ó máa fi ojú kan kàwé, tí ẹ ó máa fi èkejì ṣọ́ omi. Etí tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi òwú dí i.

Ara mi le. Mo ṣì wà ní ilé ìkẹ́rùsí náà. Páálí ni mò ń lẹ̀, páálí ni mò ń tò, ẹ̀yìn sì ń dùn mí bí ìyá àgbà. Ohun tó jẹ́ kí n tètè kọ̀wé ni pé ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ ìgbẹ́rù ṣubú láàárín wa lóṣù tó kọjá. Kò kọsẹ̀, kò sì pariwo. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wa dúró, à ń wo ara wa. Èmi ni mo sáré kúnlẹ̀ tì í, nítorí ọmọ yín ni mí. Mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo tẹ́tí sí èémí rẹ̀, mo wá iṣan ọrùn rẹ̀ bóyá ó ń lù. N kò rí i. Mo tún un wá. Mo ṣì ń wá a nígbà tí akọ̀wé wa tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà ọkùnrin náà. Ó yè, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú tì mí gan-an.

Nítorí èyí ni ọ̀gá wa ṣe gba olùkọ́ kan fún wa, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Bàbá Olùkọ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní wọ́n ti yí ọ̀nà náà padà. Látijọ́, wọ́n á gbọ́ èémí, wọ́n á wá iṣan, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ẹni náà kí wọ́n tó kan àyà. Ní báyìí, ọwọ́ ni ká kọ́kọ́ lò. Bí ẹnì kan bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí a pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà, kó wọlé dáadáa, kó yára, kí a jẹ́ kó padà sókè kí a tó tún tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má dúró wá iṣan kiri.

Nígbà tí mo ṣe tèmi lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ti ayé àtijọ́ yìí?" Mo ní bàbá mi ni. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i padà níbẹ̀ náà.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ara mi le. Etí ń dùn mí, n kò sì fi òwú dí i, nítorí ẹni tó dí etí kò ní í gbọ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń ké "ẹ gbà mí."

Mo kà á dé ibi tí o ti pe ẹnì kan ní Bàbá Olùkọ́, mo dúró, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, bóyá mo ṣì í kà ni. Bàbá mélòó lo ní? Èyí tí mo mọ̀ nínú wọn ni èyí tó gbé ọ wọ omi kí o tó lè rìn dáadáa, tó fi ìrọ̀rí ibùsùn ìyá rẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń jí ènìyàn. O fẹ́ atẹ́gùn sí ìrọ̀rí yẹn títí ìyá rẹ fi ní òun ò sùn lé e mọ́, ó ti kún fún itọ́. Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n ní obìnrin ló ń ní orogún. Èmi náà ti ní tèmi báyìí, awakọ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Lọ bi í léèrè iye ènìyàn tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ omi. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Omi nílùú yìí, n kò fi ìwé kíkà gba orúkọ náà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

O tún mú mi rántí ọ̀ràn mìíràn. Àwọn ìgbìmọ̀ adágún ní àwọn máa rán ẹnì kan lọ kọ́ ọ̀nà tuntun. Mo rò pé èmi ni. Òpó ni wọ́n mú. Òpó tí mo kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ilẹ̀ adágún níbi tí ẹlòmíràn ti ń rì. Wọ́n ní òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun sì ní fóònù tí wọ́n lè fi pè é. Fóònù wo? Èyí tí o rà ránṣẹ́ sí mi ni. N kò gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀, ni mo bá fún un.

Awakọ̀ yẹn, ṣé òun náà ló ń bọ́ ọ? Kí lo ń jẹ níbẹ̀? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ìtẹríba ló fà á. Ẹsẹ̀ ni kí o máa tẹ̀, má tẹ ẹ̀yìn, bí o bá fẹ́ gbé páálí.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹyọ kan ṣoṣo.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Ìwé yín dé, mo sì kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Mo ti ń tẹ ẹsẹ̀ bí mo bá fẹ́ gbé páálí, ó sì ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù yẹn dùn mí. Owó oúnjẹ mi ni mo fi rà á kí n lè máa gbọ́ ohùn yín, ẹ wá gbé e fún Òpó. Òpó náà lẹ fún ní àga kejì lẹ́bàá adágún nígbà tí ẹ ní kí èmi lọ máa kàwé, pé iṣẹ́ ìṣọ́mi kì í ṣe ti ọmọbìnrin. Mo mọ omi ju Òpó lọ. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ṣàdédé máa to páálí nílẹ̀ àjèjì.

Ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Olùkọ́, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Ó gbé ère rọ́bà tó fi ń kọ́ni fún mi kí n gbé e lọ sílé lọ máa fi dánra wò. N kò rí i kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ní ọwọ́ mi dára. Lọ́sẹ̀ yìí, ó sọ fún wa pé fún àwa tí a kì í ṣe oníṣẹ́ ìlera, kò di dandan kí a fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu rárá bí àgbàlagbà bá ṣàdédé wó lulẹ̀. Atẹ́gùn tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì tó o lò fúngbà díẹ̀. Ọwọ́ ló kù tí yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ náà kiri dípò ọkàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹnu àjèjì ni wọ́n máa ń sá fún, wọ́n á sì jẹ́ kí onítọ̀hún kú. Nítorí náà, ọwọ́ nìkan. Ẹ fi ẹnu sílẹ̀, Bàbá. Ó ti lọ.

Bàbá Olùkọ́ ní òun kí yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Kí ó máa kí àwọn ọmọ tirẹ̀.

Inú bí mi sí ìwé rẹ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ ya á. Àfi bí Òpó ṣe ti ibi ẹ̀kọ́ dé, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó wá ń rìn lẹ́bàá adágún bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó pe gbogbo wa jọ: èmi, ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, àti bàbá tó ń po kẹ́míkà. Ó ní òun fẹ́ fi ohun tuntun hàn wá. Ó tẹ àyà ìrọ̀rí, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ní a ò gbọdọ̀ fi èémí sílẹ̀ ní tiwa níbí.

Ni mo bá rántí ìwé rẹ. Mo fà á yọ lápò, mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo sì kà á sókè ketekete lójú gbogbo wọn: "Ọwọ́ nìkan. Ẹ fi ẹnu sílẹ̀, Bàbá. Ó ti lọ." Mo ní, "Òpó, ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èyí tó dé kẹ́yìn. Ìwọ, ibo ni wọ́n ti kọ́ ọ?" Ọmọbìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí oorun ti dùn mọ́ mi bí ti alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo já àwòrán tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ mọ́ ògiri, ibi tí ọkùnrin kan ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí èkejì lẹ́nu. Mo sọ fún wọn pé lábẹ́ àga tèmi, ọwọ́ nìkan. Ó dùn mí láti já a. Èémí yẹn ni gbogbo ayé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ni, kì í ṣe Òpó, kì í sì í ṣe awakọ̀ rẹ. Ṣé inú rẹ dùn báyìí?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìdádúró.

Ẹ dá èémí padà. Ẹ jọ̀wọ́, lójúẹsẹ̀. Òpó ló tọ̀nà.

Nígbà tí ìwé yín dé, mo gbé e lọ síbi ẹ̀kọ́, mo sì sọ fún olùkọ́ pé bàbá mi ti gbà. Mo sọ ọ́ tìdùnnútìdùnnú. Ó bi mí pé níbo ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. N kò sọ fún un rí pé adágún ni. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹni tó ṣàdédé ṣubú nínú ilé ìkẹ́rùsí yàtọ̀ sí ẹni tí a fà jáde nínú omi. Ẹni tó ṣubú ṣì ní atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó rì, atẹ́gùn gan-an ló tán nínú rẹ̀, òun ló dá ọkàn rẹ̀ dúró. Bí a bá tẹ àyà rẹ̀ láì fẹ́ ẹ, ẹ̀jẹ̀ òfìfo là ń gbé kiri. Fún ẹni tó rì, èémí ṣáájú, kí ọwọ́ tẹ̀ lé e, kí àwọn méjèèjì sì máa lọ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tó ti lọ ni wíwá iṣan kiri àti ìjáfara. Fífẹ́ èémí kò lọ níbi omi.

Mo ti pe fóònù yẹn. Òpó ló gbé e. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní kó sọ fún yín. Ó ní ẹ ò ní í gbà á lẹ́nu òun. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo ń pa á rẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

N kò tíì rí ìwé rẹ, ṣùgbọ́n n kò lè dúró dè é. Òpó wá bá mi lánàá, ó ní ìwọ pe òun lórí fóònù. Ó ní o ní kí a dá èémí padà. Ó sọ ọ́ lójú ọmọbìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì, ní ibi tí mo ti dójú tì í gan-an.

N kò gbà á gbọ́. Ọmọ mi kò ní í rí ọ̀rọ̀ tó kàn mí kó gba ẹnu Òpó kọjá. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ìwé rẹ, ọwọ́ rẹ ló sì kọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ ni o pè é, ó burú jùyẹn lọ. Kí lo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí o kò lè gbọ́ lọ́dọ̀ mi? Ó ní ẹ̀yin méjèèjì tún rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín kí ni?

Ọwọ́ nìkan la ó máa lò títí ìwé rẹ yóò fi dé. Iléèwé ti gba ìsinmi. Omi kún fún ènìyàn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Òótọ́ ni. Mo pè é. A kò rẹ́rìn-ín, irọ́ ló pa, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀rù tó bà mí ló pè ní ẹ̀rín. Ìwé mi ti wà lójú ọ̀nà láti ọjọ́ kejìdínlógún. Bí èyí bá ṣáájú rẹ̀ dé, ẹ ka ìlà kan yìí sókè fún gbogbo wọn bí ẹ ṣe ka ti àkọ́kọ́: ẹni tó bá rì, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹ sì tẹ àyà rẹ̀.

N kò lè sùn. Bàbá Olùkọ́ kí yín, òun náà ń dúró de èsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀ràn náà sì ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́bọ̀.

Jókòó kí o tó kà á. Ẹni náà yè.

Obìnrin aránṣọ kan wà tó máa ń wá kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án. Ó ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀, ni ó bá lọ dán ibi jíjìn wò. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fà á. N kò gbọ́ igbe, nítorí ẹni tó ń rì kì í sábà ké. Orí rẹ̀ ni mo wá tí n kò rí mọ́. Èmi ni mo bẹ́ wọlé, èmi ni mo gbé e láti ìsàlẹ̀, Òpó sì fà á sórí ilẹ̀. Kò mí. Ètè rẹ̀ ti dúdú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀. Òpó kúnlẹ̀ níbi orí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ." Mo ní, "Ọwọ́ nìkan." Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ lù mí tó bá yá." Kò sì dúró kí n fèsì. Ó gbé àgbọ̀n obìnrin náà sókè, ó dí imú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo dá ọwọ́ dúró fún un, ṣùgbọ́n n kò gbé e kúrò lórí àyà. Ó fẹ́ ẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan. Bí Òpó ṣe fi ẹnu kan ẹnu rẹ̀, mo gbàdúrà kan nínú ọkàn mi. Mo ní kí èémí rẹ̀ má wọlé. Kò pẹ́ rárá, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ṣùgbọ́n mo gbà á. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé mo tọ̀nà. Obìnrin kan wà nílẹ̀ tó ń kú lọ lábẹ́ ọwọ́ mi, Òpó ni mò ń jowú.

Àyà obìnrin náà gbé ọwọ́ mi sókè. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi mọ̀ pé èémí ti wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́, Òpó fẹ́ ẹ, mo tún tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ó fi bi omi, tó wú ikọ́, tó sì ń sunkún. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá gbé e. Wọ́n ní ó ti ń jẹun.

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún Òpó. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ti lẹ àwòrán mìíràn mọ́ ògiri, Òpó ni yóò sì máa kọ́ wọn láti ìsinsìnyí lọ. Mo jókòó sórí àga mi, mo ń wò ó, ó sì ń dùn mí síbẹ̀. Mo rò pé ìtìjú á pa owú náà. Kò pa á.

Má sọ fún Bàbá Olùkọ́ rẹ. Ẹni tó ń kọ́ ọ dáadáa ni, mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kó mọ irú ènìyàn tí bàbá rẹ jẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ibùdó ọkọ̀ ni mo ti ka ìwé yín, ọkọ̀ mi sì kọjá lójú mi, n kò dá a dúró.

Àdúrà yẹn kò gbà, ọwọ́ yín kò sì tẹ̀ lé e. Ẹ lè ti Òpó sẹ́yìn nígbà náà, ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró fún un. Èyí ni mo rí nínú ìwé náà.

N kò lè sọ fún Bàbá Olùkọ́, Bàbá. Ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ ẹni tó rì fún mi ni ọjọ́ ìkẹyìn ẹ̀kọ́ wa. Ó gba ère rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbi tí n kò mọ̀. Ìkíni tí mo ní ó kí yín lẹ́yìn ìgbà náà, irọ́ ni. Ti ìṣáájú náà, irọ́ ni. Kò kí yín rí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èmi nìkan ló gbé ère fún, a ń gbà á láàárín ara wa ni.

Kí n tó dárúkọ rẹ̀, ìlà mẹ́ta lẹ máa ń kọ sí mi: ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Òpó ló ń gbọ́ ìyókù. Ọjọ́ tí mo pe ẹlòmíràn ní bàbá, ojú ìwé méjì lẹ kọ. Ẹ bá mi jà, ẹ bi mí léèrè ohun tí mò ń jẹ, ẹ sọ bí mo ṣe lè gbé páálí. Mo ka ìwé yẹn títí ibi tí mo ti ká a fi ya. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin yẹn bá ti lanu, mo ti sáré lọ kọ ọ́ sí yín. N kò dúró kó parí ọ̀rọ̀. Bí ìdajì ẹ̀kọ́ ṣe dé etí adágún yín nìyẹn, tó kù díẹ̀ kó pa obìnrin aránṣọ náà. Owú tí ẹ jẹ, èmi ni mo ń bu omi rin ín, nítorí èmi náà ń jowú Òpó.

Kò sí Bàbá Olùkọ́ mọ́ báyìí. N kò ní ẹlòmíràn tí n ó fi bí yín nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má padà sí ìlà mẹ́ta.

Ọmọ yín.